Ọjọ́ Ìfọwọ́sí Ni Ẹjọ́ Ìhágún Dá Lé

Bàbá kú, wọ́n sin ín tán, ẹbí pé jọ, agbẹjọ́rò ka ìwé ìhágún, ariwo ta. Ilé tó wà ní Sùúrùlérè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kẹta. Àkọ́bí gba ilẹ̀ kan tí igbó bò. Ìyàwó tó gbé bàbá ró nígbà àìsàn kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbólóhùn kan náà ni gbogbo ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn á ti máa sọ: "Bàbá kò lè ṣe báyìí sí mi."

Gbólóhùn yẹn ló ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù. Lóòótọ́ ló ń ti ọkàn wá, ṣùgbọ́n adájọ́ kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá bàbá pín in re. Ẹni tó bá ní ohun ìní tirẹ̀ lè fún ẹni tó wù ú, kódà kó fún ẹni tí gbogbo ilé kórìíra. Ohun tí adájọ́ ń wá kò tó bẹ́ẹ̀ fẹ̀: ní ọjọ́ tí wọ́n ní bàbá fọwọ́ sí ìwé yìí, ta ló wà nínú yàrá? Ta ló kọ́kọ́ mú bírò? Ta ló ń wo ta? Ṣé bàbá mọ ohun tó ń ṣe, ṣé kò sì sẹ́ni tó dì í lọ́rùn mú? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí pẹ̀lú ẹ̀rí ló ń jàre, yálà ó ń gbe ìwé náà lẹ́yìn ni o, tàbí ó ń takò ó. Ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni mo máa fi ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni irú ẹjọ́ yìí ti pọ̀, tí ọ̀nà rẹ̀ sì ti là.

Òfin Ìhágún ti Èkó ti wà láti 1990. Inú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1837 ni egungun rẹ̀ ti wá, àwọn ìpínlẹ̀ tí kò ṣe òfin tiwọn sì ṣì ń lo ti 1837 náà. Lórí ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì béèrè. Ìhágún gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tàbí kí ẹlòmíràn bá a fọwọ́ sí i lójú rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣe èyí lójú ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, tí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá sì ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, kí ó fi ìfọwọ́sí náà han àwọn méjèèjì pa pọ̀, kí ó sọ pé òun ló ni ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlẹ́rìí yóò fọwọ́ sí i lójú òun náà.

"Lẹ́ẹ̀kan náà" yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kú sí. Bàbá fọwọ́ sí i láàárọ̀ lójú akọ̀wé lọ́yà. Àbúrò lọ́yà dé nírọ̀lẹ́, ó bá ìfọwọ́sí nílẹ̀, ó fi tirẹ̀ sí i. Ìwé náà ti kú. Tàbí kẹ̀, akọ̀wé gbé ìwé lọ sílé bàbá, ó gbé e padà sí ọ́fíìsì, ẹni méjì tí kò rí bàbá sójú rárá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Èyí tó tún burú ni kí ẹlẹ́rìí ti kọ orúkọ sílẹ̀ kí bàbá tó mú bírò, nítorí nígbà náà kò tíì sí ohun tí wọ́n ń jẹ́rìí sí. Ó lè má sí ẹni kankan nínú wọn tó ní ète burúkú. Ìkánjú àti àìka-nǹkan-sí lásán ni. Ṣùgbọ́n òfin kò ní àánú lórí èyí. Nínú ẹjọ́ Apatira àti Akanke l'Ékòó ní 1944, mùsùlùmí ni olóògbé, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fẹ́ kí ìwé náà dúró lábẹ́ òfin ẹ̀sìn rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní nígbà tó ti jẹ́ pé òfin ti 1837 ló fi ṣe é, àfi kó bá òfin náà mu. Ìwé náà sì wó.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbé gba ọ̀nà òdì. Bí ọmọ tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí, tàbí kó jẹ́ pé ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ ẹlẹ́rìí, ìwé náà kò tìtorí ìyẹn bàjẹ́. Ẹ̀bùn tirẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyókù dúró, ẹ̀rí rẹ̀ sì wúlò. Ẹni tí olóògbé yàn láti mú ìhágún ṣẹ náà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí; bí ìpín tirẹ̀ bá wà níbẹ̀, ìpín náà nìkan ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí ibi tí ènìyàn ti fi gbogbo agbára lé orí kókó yìí, tó rò pé òun ti rí ọ̀bẹ tí yóò pa ìwé, ó kàn gé ìka kan kúrò lára rẹ̀ ni.

Ta ni ẹrù ẹ̀rí wà lórí rẹ̀? Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti yanjú èyí nínú ẹjọ́ Johnson àti Maja ní 1951, ibẹ̀ náà la ṣì dúró lé. Ẹni tó gbé ìwé wá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé gbogbo rẹ̀ tọ́ lójú: wọ́n fọwọ́ sí i bí òfin ṣe wí, orí olóògbé pé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é láìsí ìfipáṣe. Bó bá ti ṣe ìyẹn tán, ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ sórí ẹni tó ń takò ó.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń tako ìwé fara balẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára ti ń ṣòfò. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu ọmọ tí inú ń bí ni pé "ayédèrú ni." Ẹ̀sùn ọ̀daràn nìyẹn o. Abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé níbikíbi tí ẹ̀sùn ọ̀daràn bá ti jẹ́ kókó ọ̀rọ̀, kódà nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ẹni tó fi ẹ̀sùn kan ènìyàn gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ débi tí iyèméjì kankan tó mọ́gbọ́n dání kò ní ṣẹ́ kù. Ó tún gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ ní kíkún: ta ló ṣe ayédèrú, ojú ewé wo, lọ́nà wo. Bí kò bá ní ẹ̀rí yẹn lọ́wọ́, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù tó wà lórí ẹlòmíràn. Ẹni tó kàn sọ pé, "N kò gbà pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé yìí bí òfin ṣe wí, ẹ wá fi hàn," ti fi ẹrù sílẹ̀ síbi tó yẹ kó wà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí ayédèrú lóòótọ́, ẹ gbé e síta. Bí kò bá ju ìfura lọ, ẹ sọ ohun tó ń fu yín lára, kí ẹ má fún un ní orúkọ tí ẹ kò lè gbè lẹ́yìn.

Ìfura náà sì ní agbára tirẹ̀. Bí ẹni tó gba ìpín tó pọ̀ jù bá jẹ́ ẹni tó kọ ìwé náà, tàbí tó mú lọ́yà tirẹ̀ wá, tó dúró ti bàbá lórí ibùsùn nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i, adájọ́ á la ojú sílẹ̀ gidigidi, á sì fẹ́ gbọ́ àlàyé tó kún kí ó tó gba ìwé náà. Ti ìfipáṣe yàtọ̀: ẹni tó sọ ọ́ ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àrọwà kì í ṣe ìfipáṣe. Ìyàwó tó ń bẹ ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ pé kó rántí òun kò ṣẹ̀ sí òfin. Àfi kí a fi hàn pé ìfẹ́ inú bàbá kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá, pé ìfẹ́ ẹlòmíràn ni ọwọ́ rẹ̀ kọ.

Ní ti bóyá orí olóògbé pé, ilé-ẹjọ́ wa ń lo òṣùwọ̀n tó ti wà láti ẹjọ́ Banks àti Goodfellow ti 1870 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì lò ó nínú ẹjọ́ Adebajo ní 1973. Ṣé olóògbé mọ̀ pé ìhágún lòun ń ṣe? Ṣé ó mọ bí ohun ìní òun ṣe pọ̀ tó? Ṣé ó rántí àwọn tó yẹ kí òun ronú nípa wọn? Ṣé ó mọ bí òun ṣe pín in? Àìsàn nìkan kò ba ìwé jẹ́. Àgbàlagbà tí rọpá-rọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ní orí tó pé ju ti ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Bó bá ti fún lọ́yà ní ìtọ́ni nígbà tí orí rẹ̀ pé, tí ara wá ń rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìfọwọ́sí, ìwé náà ṣì lè dúró bó bá mọ̀ pé ohun tí òun ní kí wọ́n kọ lòun ń fọwọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ̀rí tó dára jù lọ lórí bóyá orí olóògbé pé kì í ṣe ti ìbátan tó ní "bàbá ò mọ èmi gan-an mọ́." Fáìlì ilé-ìwòsàn ni. Ẹ ní kí lọ́yà gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ kí wọ́n gbé odidi fáìlì wá, kì í ṣe lẹ́tà kúkúrú tí dókítà kọ lẹ́yìn ikú. Inú rẹ̀ ni ìwé àwọn nọ́ọ̀sì wà, tí wọ́n ń kọ láti wákàtí dé wákàtí: aláìsàn ń sọ̀rọ̀ geere, tàbí ó ń sọ ìsọkúsọ, ó mọ ọmọ rẹ̀, tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ìwé oògùn tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora tó lágbára ní aago mẹ́wàá, tí wọ́n ní ó fọwọ́ sí ìwé ní aago mọ́kànlá, ìbéèrè ńlá ti wà nílẹ̀ fún dókítà láti dáhùn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń gbe ìwé lẹ́yìn, fáìlì kan náà lè gbà yín.

Bí olóògbé kò bá mọ̀wé, tàbí ojú rẹ̀ ti fọ́, títẹ ìka nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé pé wọ́n kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́, ta ló kà á, àti pé ó ní ó yé òun. Bí ọ̀rọ̀ yẹn kò bá sí nínú ìwé, ẹni tó gbé ìwé wá gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ẹnu dí àlàfo náà, ìyẹn sì le púpọ̀ bí ẹni tó kà á bá ti kú.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹ lọ wo ojúlówó rẹ̀ ní ọ́fíìsì probate, ọ́fíìsì ilé-ẹjọ́ tó ń bójú tó ìhágún, tó sì ń fúnni ní àṣẹ lórí ogún. Fótókópì kò ní sọ ohun tí ojúlówó ń sọ. Ẹ wo ihò pínnì: bí ihò méjì-méjì bá wà lára àwọn ojú ewé kan, tí ọ̀kan ṣoṣo wà lára èyí tó kẹ́yìn, ẹnì kan ti tú ìwé náà rí. Ẹ wo bóyá lẹ́tà ojú ewé kejì bá ti èkíní mu, bóyá nọ́ńbà ojú ewé tẹ̀ léra, bóyá olóògbé fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ tàbí fi bírò kún un kò dúró láìjẹ́ pé olóògbé àti àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé pẹ̀lú kàlẹ́ńdà. Ní oṣù kẹjọ 2001 ni àwọn ilé-iṣẹ́ GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìwé tó ní ọjọ́ 1999, tí nọ́ńbà 0803 ti lọ́yà sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tó ní 2000 tó ń pe àdúgbò kan ní orúkọ LCDA rẹ̀ (ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí Èkó fà yọ lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀), nígbà tó jẹ́ pé 2003 ni Èkó dá wọn sílẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ tí wọ́n dárúkọ, àti ọjọ́ tí bàbá ra ilẹ̀ tó fi sínú rẹ̀.

Fún ìfọwọ́sí, ẹ kó àwọn tí a mọ̀ dájú pé ti olóògbé ni jọ, kí wọ́n sì jẹ́ ti àkókò kan náà: fọ́ọ̀mù báńkì, ìwé ìrìnnà, sọ̀wédowó, ìwé àdéhùn ilẹ̀. Ìfọwọ́sí ọdún 1985 kò wúlò púpọ̀ fún ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n ní 2015. Abala 101 Òfin Ẹ̀rí gba adájọ́ láàyè láti fi ojú ara rẹ̀ wé wọn, nítorí náà ẹ má rò pé ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé wò nìkan ló máa pinnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ ti wo ojúlówó. Ẹni tó bá fi fótókópì ṣàyẹ̀wò á tú ká lábẹ́ ìbéèrè.

Bí ojúlówó bá wà lọ́wọ́ olóògbé kó tó kú, tí wọn kò wá rí i mọ́, òfin á kọ́kọ́ gbà pé òun fúnra rẹ̀ ló ya á. Ẹni tó ní ẹ̀dà lè fi ẹ̀rí yí ìyẹn padà, bíi kó fi hàn pé ẹlòmíràn ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí, tàbí pé bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ tó kú. Ìgbéyàwó náà lè pa ìwé: ìhágún tí ènìyàn ṣe kó tó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ní kóòtù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ, ti di òfo lọ́jọ́ ìgbéyàwó. L'Ékòó, ti ìbílẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ ogún Festus Okotie-Eboh, mínísítà ètò ìnáwó tí wọ́n pa ní oṣù kìíní 1966, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní 1996 pé nígbà tó jẹ́ pé ìyàwó tó ti fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀ kó tó ṣe ìwé náà ló tún padà fẹ́ lábẹ́ òfin, ìgbéyàwó kejì yẹn kò pa ìhágún rẹ̀.

Ìwé lè dúró kí apá kan nínú rẹ̀ má dúró. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kò ṣe é há. Ilé tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ jogún lọ́wọ́ bàbá wọn, tí wọn kò tíì pín, ti mọ̀lẹ́bí ni. Kíkọ tó kọ ọ́ sínú ìhágún kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Ní Èdó, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Idehen ní 1991 pé Igiogbe, ilé tí bàbá gbé tó sì kú sí, ti àkọ́bí ọkùnrin ni, bàbá kò lè fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ní Kwara àti Ọ̀yọ́, òfin ìhágún yọ ẹni tó wà lábẹ́ òfin Ìsìláàmù sílẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta ni mùsùlùmí lè fi ìhágún fúnni, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ fún ẹni tó ti ní ìpín ogún tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ti pinnu láti takò ó, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni caveat ní ọ́fíìsì probate. Ìwé ìkìlọ̀ ni: ó ń dá wọn dúró pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ lórí ogún náà láìjẹ́ kí ẹ gbọ́. Oṣù mẹ́ta ló ń lò. Ó ṣe é tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó kú. Ọ̀pọ̀ ti jókòó sílé lọ́jọ́ tí caveat wọn kú, wọ́n wá gbọ́ pé àṣẹ ti jáde. Ẹ gba ẹ̀dà ìhágún náà tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi méjì. Iná jó ilé-ẹjọ́ gíga Igbóṣẹ́rẹ́ ní oṣù kẹwàá 2020. Kò yẹ kí ìwé ẹnikẹ́ni wà níbì kan ṣoṣo mọ́. Ẹni tó fẹ́ mú ìwé ṣẹ á fi ìwé ránṣẹ́ pé kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ ní. Bí ẹ bá dá a lóhùn lásìkò, ọ̀rọ̀ kúrò ní ọ́fíìsì, ó di ẹjọ́ níwájú adájọ́. L'Ékòó, gbogbo ẹ̀rí ni wọ́n ń kó wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀: orúkọ ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbúra, àti ẹ̀dà ìwé gbogbo. Ẹ rí i pé gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́ nípa ẹjọ́ náà, títí kan àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Ẹni tí wọn kò sọ fún lè wá tú ìdájọ́ náà ká lẹ́yìn ọ̀la.

Kí ẹjọ́ tó gbóná, ẹ béèrè fún ẹnì kan tí ilé-ẹjọ́ yóò yàn láti máa gba owó ilé, kó sì máa tún òrùlé ṣe títí ìdájọ́ yóò fi dé. Owó ilé ni ń sọ ẹjọ́ di ìjà àdá. Kí ẹnikẹ́ni má ta ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni má lé ayálégbé. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ogún láìní àṣẹ á wá ṣírò gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí ìwé ni òpó ẹjọ́. Bí ọ̀kan bá wà láàyè tí ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́, kí ó wá. Bí àwọn méjèèjì bá ti kú, ẹni tó mọ ọwọ́ wọn lè jẹ́rìí sí i, ilé-ẹjọ́ sì lè gbà pé ohun tó tọ́ lójú lórí ìwé tọ́ lóòótọ́. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń pèsè ẹlẹ́rìí. Lọ́yà kọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn méjèèjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní kóòtù, wọ́n bi èkíní: irú bírò wo? Ta ló jókòó, ta ló dúró? Ta ló kọ́kọ́ jáde? Kò mọ̀. Ìkejì sọ òdìkejì. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó rántí ní ẹnu ara rẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí kò rántí. Adájọ́ gba ìgbàgbé ọdún mẹ́wàá gbọ́ ju ìrántí tó dán bí dígí lọ. Bí fídíò ọjọ́ náà bá wà lórí fóònù, ó lè ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n abala 84 Òfin Ẹ̀rí béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ tó gbà á àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ má pa fáìlì àkọ́kọ́ náà rẹ́. Èyí tó ti kọjá lórí WhatsApp nígbà mẹ́rin kò ní iyì kan náà.

Kí ẹ tó ná owó lórí gbogbo èyí, ẹ jókòó ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìwé náà bá wó. Bí ìhágún tó ṣáájú bá wà, òun lè jí dìde, ó sì lè burú fún yín ju èyí lọ. Bí kò bá sí, tí bàbá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ ìyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀, idí-igi ni: ìpín kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan pa pọ̀, bí ọmọ ṣe wù kó pọ̀ tó nínú ilé náà. Suberu Dawodu kú l'Ékòó ní 1940 láìní ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ fẹ́ pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ìpín tó dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé idí-igi ni àṣà Yorùbá. Ìyá tó bí ọmọ méje, tí ọmọ méje náà ń tako ìhágún, lè rí i pé, bí ìyàwó bá jẹ́ mẹ́rin bíi ti Dawodu, ìdá kan ṣoṣo nínú mẹ́rin ni gbogbo wọn máa pín. Ìyàwó fúnra rẹ̀ kì í jogún ọkọ ní ìlànà ìbílẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ ti òfin, ìdá kan nínú mẹ́ta bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó, méjì fún àwọn ọmọ, bí òfin Èkó ṣe wí.

Fún ìyàwó tàbí ọmọ tí bàbá gbàgbé, tó sì hàn pé ìwé náà pé pérépéré, ilẹ̀kùn mìíràn wà tí kò bá ìwé náà jà rárá. Abala 2 Òfin Ìhágún Èkó jẹ́ kí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ bẹ ilé-ẹjọ́ pé ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ kò tó láti gbé òun ró, kí ó yọ díẹ̀ fún òun nínú ogún náà. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọ̀tá bàbá rẹ̀ nítorí ìyẹn, kò sì nílò láti sọ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ló ní, láti ọjọ́ tí àṣẹ probate bá jáde, kì í ṣe láti ọjọ́ ikú. Ẹ lọ béèrè ọjọ́ yẹn ní ọ́fíìsì probate, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.